Igi Tó Ń Wọ́wé

Birmingham,
Oṣù Kínní

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò igi bonsai rẹ. O ní o ti ra ajílẹ̀ fún un, o ti ra ìkòkò tuntun, o sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń já lulẹ̀. O wá ń bi mí bóyá kí o dà á nù. Má dà á nù. Ìtọ́jú àpọ̀jù ló ń dà á láàmú.

Bonsai kì í ṣe irú igi kan lọ́tọ̀. Igi gidi ni, ìkòkò àti àlùmágàjí ni kò jẹ́ kó dàgbà. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, Ficus microcarpa, ẹbí ọ̀dán tí ẹ máa ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ nílé ìyá rẹ àgbà ni. Ilẹ̀ tó móoru ló ti wá, kò fẹ́ òtútù. Ká ní juniper ni wọ́n tà fún ọ, ìta ni ǹ bá ní kí o gbé e sí, yìnyín ì báà máa bọ́.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà láàyè. Fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan díẹ̀, láti ṣóńṣó rẹ̀. Bó bá gbẹ, tó pupa rúsúrúsú, sún mọ́ ìdí, kí o tún ha á. Ibi tí o bá ti rí àwọ̀ ewé tútù, tí oje funfun tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ sì ń yọ, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Gé èyí tó ti kú lókè rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà, gbé e kúrò lórí tábìlì ìwé rẹ lọ síbi fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Oòrùn Glasgow lọ́dọ̀ rẹ nínú oṣù yìí kò tó nǹkan, bí igi yìí kò bá sì rí ìmọ́lẹ̀, yóò wọ́wé. Má gbé e sórí hítà o.

Ní ti omi, gbàgbé àárọ̀ àti alẹ́. Ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Bó bá tutù, fi í sílẹ̀. Bó bá ti ń gbẹ, bomi rin ín títí tí omi yóò fi máa jò nídìí ìkòkò, kí o sì da èyí tó bá ro sínú àwo nù. Mo rí òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn tó tà á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ojú iyẹ̀pẹ̀. Ohun ẹ̀ṣọ́ lásán! Kì í jẹ́ kí omi wọlé dáadáa, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbẹ. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí i. Ṣí i kúrò.

Ajílẹ̀ yẹn, tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ní ń gbé iyán fún ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀? Kí ewé tuntun jáde ná.

Ìkòkò tuntun di ìgbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, àyàfi bí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá ń rùn. Bó bá ń rùn, wàràwàrà là ń yọ oró iná: yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Gbòǹgbò tó bá le, má fọwọ́ kàn án; èyí tó dúdú, tó rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ń bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, gé e. Má fi iyẹ̀pẹ̀ ọgbà rọ́pò. Wá akadama tàbí pumice tí omi lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Fi ọ̀rá tó ń fi inú hàn bò ó lórí kó má gbẹ, kí o máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́.

O bi mí pé ìgbà wo ni yóò yọ ewé. Ó lè di oṣù Kẹrin. Bonsai páìnì kan wà ní Washington tí wọ́n ti ń tọ́ láti 1625. Ọgbà ìdílé Yamaki ní Hiroshima ló wà nígbà tí bọ́ǹbù bú níbẹ̀ ní 1945, ògiri ló gbà á là. Ní 1976 Masaru Yamaki fi í ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ ìtàn bọ́ǹbù yẹn títí tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi wá wo igi náà ní 2001. Ìwọ ń ka ọ̀sẹ̀!

Bí o bá ráyè wá síbí lákòókò ìsinmi, a ó jọ lọ wo àwọn bonsai tó wà ní Birmingham Botanical Gardens. Fi fọ́tò ojú iyẹ̀pẹ̀ ránṣẹ́ bí o bá ti ṣí òkúta yẹn tán. Ìyá rẹ ní o kì í pe òun mọ́. Pè é lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Kúnlé