Ibi Tí Owó Ń Gbà Lọ Nínú Àwo

Èèyàn lè jẹ oúnjẹ oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà láìkúrò ní Ìbàdàn, kó má sì náwó púpọ̀, bó bá ti mọ ohun tó ń gbówó lórí nílé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo. Ẹni tó bá ń ra oúnjẹ Calabar bó ṣe ń ra àmàlà, àpò rẹ̀ á sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní búkà alámàlà, òkèlè kọ́ ló ń jẹ owó, ewédú àti gbẹ̀gìrì kọ́, ẹran ni. Ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, ròǹdó, bòkótó àti ògúnfe á wà níwájú yín, olóúnjẹ á na ṣíbí sí wọn, á ní, "Èwo ni ká fi sí i?" Ẹni tí ebi ń pa á nawọ́ sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sínú àwo, torí kò sẹ́ni tó ń dá ẹran padà sínú ìkòkò. Pọ̀nmọ́ rírọ̀ kan àti ẹyọ ẹran kan ti tó. Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń rokà lọ́wọ́. Àmàlà tó ti tutù, ìyà ni.

Àmàlà Skye ní Bódìjà ni wọ́n sábà máa ń júwe fún àlejò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ara Báńkì Skye tó wà nítòsí nígbà náà ló ti gba orúkọ rẹ̀. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) gba ìwé àṣẹ báńkì náà lọ́dún 2018, ó di Polaris, àmọ́ kò sẹ́ni tó yí orúkọ àmàlà padà. Síbẹ̀, ẹ má rò pé ibi tó lókìkí nìkan ló dáa. Ní àdúgbò yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọjú sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Bó bá ti dúdú, ẹ máa lọ, bó ti wù kí ọbẹ̀ náà máa ta sánsán tó.

Láti ibẹ̀, ẹ kọrí sí Sábó, lẹ́bàá Mọ́kọ́lá. Láti ọdún 1916 ni àdúgbò àwọn Haúsá yìí ti wà, oúnjẹ wọn kò sì ṣàjèjì tó bí àwọn kan ṣe rò. Ewé oṣè ni wọ́n fi ń se míyàn kúkà tí wọ́n ń bù sórí tùwó ìrẹsì. Ará Ìlọrin tó mọ lúúrú ò ní béèrè ohun tó jẹ́. Wáínà gbígbóná ń bẹ, fúrá òun nònò ń bẹ, gbogbo rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ kí wọn ní "sannu", kẹ́ ẹ wá máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ ní Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ ọ.

Súyà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Bí ẹ bá kàn pe iye owó, alásúyà lè gé èyí tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láti ìrọ̀lẹ́ fún yín. Ẹ na ìka sí ọ̀pá tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ná an, kẹ́ ẹ ní kó dá a padà sórí iná díẹ̀ kó tó gé e. Kó bu yájì sọ́tọ̀.

Nílé oúnjẹ Calabar, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ lowó. Ewé afang le, ó ń fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gún un, gbúre ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́. Ìṣáwùrú, edé àti ẹja gbígbẹ sì ti wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Kí lẹ tún ń fi ẹran mẹ́ta kún un fún? Ẹ gba ọbẹ̀ pẹ̀lú fùfú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Edikang ikong tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ ùgú àti gbúre sè náà rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò tó ń ta nkwobi (ẹsẹ̀ màlúù) àti isi ewu (orí ewúrẹ́), ọtí tí wọ́n ń mu mọ́ ọn ló ń jẹ owó. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun lásán, kó wá ibi tí wọ́n ti ń ta ọbẹ̀ ewúro tàbí ọbẹ̀ oha lọ́sàn-án.

Ẹ̀wà àgányìn tí àwọn obìnrin láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò gbé wá fún wa ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí wọ́n dín nínú epo títí ó fi dúdú ni àṣírí rẹ̀. Ẹ fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ti ṣáwámà, ó ti wà ní gbogbo oríta báyìí, àmọ́ mi ò kà á mọ́ oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ mú owó tó ní ṣẹ́ńjì dání, kì í ṣe gbogbo olóúnjẹ ló ń gba tíránsífà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Calabar àti ti Ìgbò kì í ṣí kí ṣọ́ọ̀ṣì tó túká. Nínú oṣù Ramadan, ẹ má lọ wá tùwó ní Sábó lọ́sàn-án. Ẹ dúró di ìgbà ìṣínu.