Mọ́tò tó ń kú nígbà tó bá gbóná: ẹ má gbé e gba títì Ọ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, yálà ẹ fi ń kérò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ni o, tàbí Èkó lẹ máa ń gbé e lọ, ẹ gbọ́ mi. Bí mọ́tò yín bá ń kú lẹ́yìn tó bá ti gbóná, tí kò sì ní jí títí yóò fi tutù, ẹ kò gbọdọ̀ gbé e gba ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa rọra lò ó. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa á, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé ó ń jí. Mọ́tò kúrò ní Ìmùṣin láàárọ̀, ó dé Ìjẹ̀bú-Òde láìsí wàhálà. Ẹni tó wà á páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Ajé, ó wọlé ra nǹkan díẹ̀, ó jáde. Sítátà ń yí, ẹ́ńjìnì kò dáhùn. Èèyàn pé lé e lórí, oníkálukú ń sọ tiẹ̀. Nígbà tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ó tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, mọ́tò sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wà á lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹ́ńjìnì tó ti tutù mọ́jú lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ṣíná, ó jí. Ó fọ púlọ́ọ̀gì, ó gbowó. Àwọn méjèèjì gbà pé ó ti dára. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ máa sọ pé ayé ló ń ṣe mọ́tò náà, wọ́n á wá máa gbààwẹ̀ sí ohun tó yẹ kí wọ́n fi mítà yẹ̀ wò.

Ooru ló wà nídìí rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń rìn, atẹ́gùn ń gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá, omi rádíétọ̀ sì ń yípo. Bí ẹ bá pa á, omi dúró, atẹ́gùn dúró, ṣùgbọ́n ooru tó wà lára irin kò dúró. Gbogbo ohun tó yí ẹ́ńjìnì ká ló ń ràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fi máa ń gbóná ní ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ́yìn tí ẹ páàkì ju ìgbà tí ẹ wà lórí eré lọ. Ẹ̀yà tó ti ń ṣàárẹ̀, tó ń rọ́jú lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Tí àárẹ̀ náà bá pọ̀ sí i, kò ní dúró dìgbà tí ẹ bá páàkì mọ́. Orí eré ni yóò ti ṣe é.

Nínú mọ́tò tó ń lo kọ̀ǹpútà, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì, tí àwọn rewáyà ń pè ní kránkì sẹ́ńsọ̀, ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wáyà bàbà tín-ín-rín ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Bí wáyà náà bá ti sán, ooru á mú kí ojú ibi tó sán yà. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ ibi tí ẹ́ńjìnì yí dé mọ́, á sì dá epo àti iná púlọ́ọ̀gì dúró pa pọ̀. Bó bá tutù, wáyà á tún fara kanra, mọ́tò á jí, ẹ̀rí á sì pòórá. Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Honda tí wọ́n ṣe láyé 1990 sí 1999 ní tiwọn lọ́tọ̀: rilé tó ń fún pọ́ǹpù epo níná wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ máa ń sán, bí oòrùn bá sì ti mú inú mọ́tò gbóná, kò ní jẹ́ kó jí. Pọ́ǹpù epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Inú epo ló ń gbé, epo yìí kan náà ló sì ń tù ú lára. Ẹni tó bá ń fi epo ìsàlẹ̀ táǹkì rìn lójoojúmọ́, pọ́ǹpù rẹ̀ ló ń fi gbóná.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix tó tó mílíọ̀nù 1.13 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ti ọdún 2005 sí 2008, nítorí pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì wọn lè ṣàdédé pa ẹ́ńjìnì lórí eré tàbí kó kọ̀ kó má jẹ́ kó jí. Corolla ọdún wọ̀nyẹn kún ìgboro wa gẹ́gẹ́ bí tọ́kùnbọ̀. Ta ló bi ẹni tó tà á bóyá wọ́n ti tún tirẹ̀ ṣe kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi? Nọ́ńbà ṣásí mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà ṣeé yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó. Ti General Motors ní 2014 burú ju èyí lọ. Ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ló ń yẹ̀, ẹ́ńjìnì á kú lórí eré, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba èèyàn sílẹ̀ kò sì ní ṣí bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Ikú èèyàn 124 ni wọ́n gbà pé ó ti ibẹ̀ wá, tí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, ìdádúró lásán ni.

Ẹ ro ó wò. Ẹ ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ń sún mọ́ Ògbèrè, igbó wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ́ńjìnì kú. Sítẹ́ẹ̀rì á wúwo lọ́wọ́ yín lójijì. Búréèkì á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á le gbagidi lẹ́sẹ̀. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé agbára mọ́tò yín ti lọ, bó bá sì mọ̀, ẹrù tó gbé kò ní jẹ́ kó tètè dúró. Bó bá jẹ́ òru, tí ẹ sì ti fi sítátà fa bátìrì gbẹ, ẹ wà lójú títì láìní iná. Lẹ́yìn náà ni èrò á bọ́ sílẹ̀ láti tì í. Mélòó nínú mọ́tò ìsinsìnyí ló ṣeé tì jí? Ọtomátíìkì kò ṣeé tì jí rárá. Ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n kàn ń gbé kalẹ̀ fún tírélà.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni ti ìgò epo bẹntiróòlù. Mọ́tò kọ̀, ẹnì kan á ní kí wọ́n fún un lépo mu. Wọ́n á tú ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí, ọmọṣẹ́ á máa da epo sí i láti inú ìgò, ọ̀gá á máa yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀! Kì í ṣe epo tó wà nínú ìgò ló ń kọ́kọ́ gbiná, èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí ni, èéfín yìí sì ń jáde lára bẹntiróòlù kódà níbi tí yìnyín wà, áńbọ̀sì lórí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Bí ẹ́ńjìnì bá pọ iná padà láti ẹnu rẹ̀, iná á bá epo dé inú ìgò, ìgò sì wà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú rẹ̀ àti àyà rẹ̀ ni yóò jó. Ewu yìí kò tilẹ̀ wúlò fún ohunkóhun: bí iná púlọ́ọ̀gì ni kò sí, gbogbo epo tí ẹ bá dà sí i kò lè jí i, ṣe ni yóò kàn fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ọmọ tí òbí rẹ̀ fà lé yín lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí ẹ ó fi dán iná wò. Ẹ má sì jẹ́ kó ṣí ọmọrí rádíétọ̀ tó gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti gbóná kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọmọrí yẹn nìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Inú ọgbà ni ká ti wá àrùn tó ń pa mọ́tò yìí rí, nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́. Ẹ ṣíná sí mọ́tò níta gbangba, kì í ṣe nínú gáréèjì tó sé, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún ṣíná. Bó bá kọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wò ó. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀: ṣé iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọọ̀dù? Bí kò bá tàn, kọ̀ǹpútà ni kò rí iná gbà, ẹ wo fíùsì àti rilé. Ẹ tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, pọ́ǹpù epo yẹ kó kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí sítátà bá ń yí, ẹ wo ọwọ́ aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí kò bá mira rárá, kránkì sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ lépa. Ẹ tú ọmọrí táǹkì epo pẹ̀lú. Bó bá mí hàà, tí mọ́tò sì jí lẹ́yìn náà, táǹkì ni kò rí atẹ́gùn gbà. Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe láti inú kọ̀ǹpútà mọ́tò, ṣeé lò fún gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996, kóòdù P0335 ni yóò sì kọ fún kránkì sẹ́ńsọ̀, àmọ́ ó lè má kọ ohunkóhun. Rewáyà tó mọṣẹ́ á yọ sẹ́ńsọ̀, á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un gbóná, á sì máa fi mítà wò ó bóyá ó já. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra pọ́ǹpù, kọ́ìlì àti sẹ́ńsọ̀ pa pọ̀ láìyẹ ìkankan wò, owó yín ló ń fi kọ́ṣẹ́. Ẹ má sì lọ ra sẹ́ńsọ̀ àlòkù ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Ooru tó ba tiyín jẹ́ ti mú ìyẹn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tú u.

Bó bá kú lórí eré lójijì, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ nítorí sítẹ́ẹ̀rì lè há, ẹ darí rẹ̀ kúrò lójú títì nígbà tí ó ṣì ń yí, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì gbẹ́sẹ̀ kúrò títí yóò fi dúró. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ ní ìhà igbó, kí wọ́n rìn jìnnà sí mọ́tò, títí kan ìyá tó gbé ọmọ. Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tó jìnnà tó fún tírélà láti rí i. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Bí mọ́tò náà bá tutù tó sì jí, ẹ fi dé abúlé tó bá sún mọ́ yín jù lọ, kí ẹ páàkì sínú rẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò wá fà á, kí ẹ sì wá ọkọ̀ mìíràn fún àwọn èrò.