Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí Nìkan Ló Ń Mú Kí Àgbà Rù

Ẹ̀kọ́ mi lónìí dá lórí àìjẹunrekánú láàárín àwọn àgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí ẹnì kan ń jẹ kò tó, tàbí kò ní ohun tí ara nílò.

Ṣé ilé ìwòsàn nìkan la ti ń rí i ni? Rárá o. Ẹgbẹ́ kan ní UK tó ń jẹ́ BAPEN sọ pé nínú 100 ènìyàn tó ní in, nǹkan bí 93 ló ń gbé láàárín ìlú bíi tiwa. Age UK náà sọ pé nínú àgbà 10 tó ti lé ní ọdún 65, nǹkan bí ọ̀kan ló ní in tàbí tó wà nínú ewu rẹ̀.

Kí ló ń fà á? Eyín tó ń dunni wà níbẹ̀, oògùn tó ń mú kí ẹnu korò náà wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù lójú mi ni kéèyàn máa dá jẹun. Ta ló fẹ́ gún iyán fún ara rẹ̀ nìkan? Ní Goresbrook níbí, Màmá kan wà ní òpópónà wa tí àwọn ọmọ wọn ń gbé ọ̀nà jíjìn. Wọn ò lè gbé iṣu láti Heathway wálé mọ́, torí náà tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n sábà máa ń jẹ. Òrùka wọn ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní, "Ọjọ́ orí ni." Mọ́mì mi ní kí wọ́n lọ rí GP.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní 2003, BAPEN gbé ọ̀nà àyẹ̀wò kan jáde tó ń jẹ́ MUST. Ó máa ń wo bí èèyàn ṣe rù tó láàárín oṣù 3 sí 6, láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rù. Ká ní àgbà kan jẹ́ kílò 60, ó wá di 57. Kílò 3 ti lọ, ìyẹn 5 nínú 100. Ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá lé ní 10 nínú 100, ewu ńlá ni. Agbára ẹni náà á dínkù, ó lè ṣubú, egbò rẹ̀ kì í sì tètè jinná.

Oúnjẹ wa lè ṣèrànwọ́. Ẹ bu mílíìkì oníyẹ̀fun síbí 2 sínú ògì. Ẹ fi ẹyin àti ẹja sínú mọ́ínmọ́ín. Kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ lóòrèkóòrè. Tí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí oúnjẹ ń há wọn lọ́fun, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ìṣòro kan ṣì wà. Tí a bá bi àgbà pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?", wọ́n á ní, "Mo ti yó, ọmọ mi." Ọmọdé ò sì lè já àgbà nírọ́. Nítorí náà, èmi àti mọ́mì máa ń gbé abọ́ wa lọ bá Màmá ní ọjọ́ Sunday. Mo máa ń ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jẹun, mi ò fẹ́ dá jẹ." Wọn kì í kọ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ pe àgbà kan lónìí. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n sè.