Ọkọ̀ Inú Ìjì: Ṣe àti Má Ṣe fún Oníwàásù

Kò sí ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò mọ ìtàn Jésù tó sùn sínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ rí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi ìtumọ̀ wọn wàásù, gbọ́ èyí.

Ṣe

- Ka Mátíù 8:23–27 àti Máàkù 4:35–41 pọ̀. Máàkù ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ni Jésù wà, tó rọrí sórí ìrọ̀rí.
- Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Tertullian ará Carthage. Nínú ìwé tó kọ nípa ìrìbọmi ní nǹkan bí ọdún 200, ọkọ̀ ni ìjọ, òkun ni ayé, ìgbì sì ni inúnibíni àti ìdánwò. Sùúrù ni Olúwa fi ń sùn, títí àdúrà àwọn ènìyàn mímọ́ yóò fi jí i.
- Wo ọkọ̀ Hippolytus, bàbá ìjọ mìíràn tó fi ìjọ wé ọkọ̀, fínnífínní. Kristi ni atukọ̀, àgbélébùú ni òpó àárín, Májẹ̀mú méjèèjì ni ìtọ́kọ̀, òfin Kristi ni ìdákọ̀ró onírin.
- Gbé e wọ inú ọkàn bíi ti Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo. Wọ́n bú ọ: afẹ́fẹ́ nìyẹn. Inú bí ọ: ìgbì dé. O fẹ́ gbẹ̀san: ọkọ̀ ti ń rì. Kristi ló sùn nínú rẹ; rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀, o ti jí i nìyẹn.

Má ṣe

- Má ṣe lú ìtumọ̀ wọn pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ èébú lọ́dọ̀ Augustine, Ẹ̀mí láti ọ̀run ni lọ́dọ̀ Hippolytus.
- Má sọ pé omi tó ta sí àwọn àpọ́sítélì lára ni ìrìbọmi wọn. Àwọn kan sọ ọ́ láyé Tertullian, kò gbà fún wọn: ọ̀tọ̀ ni kí ìgbì rin èèyàn, ọ̀tọ̀ ni ká ṣèrìbọmi.
- Má fi ọkọ̀ yìí ṣèlérí ìdẹ̀rùn. Ní Carthage kan náà, wọ́n pa Perpetua àti Felicitas, àwọn obìnrin Kristẹni méjì, lọ́dún 203 nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Hippolytus ní ìjì ń bi ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn, àmọ́ kò rì. Kò ní ìjì kò ní jà.
- Má fi ipò ọ̀gá ọkọ̀ ṣe fáàrí. Òfin Àwọn Àpọ́sítélì, ìwé ìjọ Síríà ní ọ̀rúndún kẹrin, fi bíṣọ́ọ̀bù wé ọ̀gá ọkọ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ tó gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó rí i pé àwọn díákónì wá ibi ìjókòó tó bójú mu fún àwọn ará, bí ẹní ń tọ́jú èrò ọkọ̀.