Ẹ̀KỌ́ WA: ẸJA TÓ Ń MÍ AFẸ́FẸ́ ÒKÈ

Ẹ̀kọ́ tòní kan àwa tó ń ta àrọ̀ ààyè ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá.

Lọ́jọ́ kan, mo pọn omi kún ike àrọ̀ mi dé ẹnu, mo fi ọ̀rá dè é pinpin kí wọ́n má bàa fò jáde. Mo rò pé bí omi bá ti pọ̀, ara á tù wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ti yí ikùn sókè. Owó ọjà lọ. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Àìmọ̀ mi ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ibi pupa tí oníbàárà máa ń ṣí wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja kó tó sanwó, òun ni ẹja fi ń fa afẹ́fẹ́ inú omi. Bí èpìyà bá kúrò lómi, ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bí irun tó rin, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ní àfikún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń la orí ẹ̀, ẹ ti rí ohun pupa kan níbẹ̀ tó pẹ̀ka bí igi kékeré. Òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ẹnu sókè omi. Awọ ara ẹ̀ náà ń gba díẹ̀ wọlé.

Ọ̀kan tún wà tó ju àrọ̀ lọ. Bí omi ọ̀sà bá fà, ẹ máa rí i nínú ẹrẹ̀ nídìí igi ẹ̀gbà: ẹja kékeré tójú ẹ̀ yọ síta, tó ń fò kiri bí ọ̀pọ̀lọ́. Òyìnbó ń pè é ní mudskipper. Láti Senegal dé Angola ló wà. Awọ ara ẹ̀, awọ inú ẹnu ẹ̀ àti ti ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ awọ náà gbọ́dọ̀ tutù. Bó bá gbẹ, ó parí nìyẹn. Ìdí tó fi ń yíra nínú ẹrẹ̀ nù un.

Nítorí náà:
1. Ẹ má bu omi kún ike. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè.
2. Ẹ má dé e pinpin. Àwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi bò ó.
3. Ẹ gbé e síbòji. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró.
4. Bí omi bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.
5. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ láìsí omi, ẹ fi àpò tó rin bò ó, kí awọ ẹ̀ má gbẹ.

Iye tí wọ́n ń ra àrọ̀ ààyè kọ́ ni wọ́n ń ra òkú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún ẹnìkejì yín tí kò mọ̀wé. Ajé á wá o.