Agbooru-Ọ́ìlì fún Ọkọ̀ Volkswagen: Orúkọ Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ jáde ní Òjó, nítòsí Èkó, ní ọdún 1975, ọkọ̀ Beetle, tí àwọn ènìyàn sọ ní ìjàpá nítorí ìrísí rẹ̀, wà lára àwọn tí ó ń tò. Iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró tipẹ́tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn tí ó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ní Mẹ́síkò, parí tirẹ̀ ní ọdún 2003. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń ra ògbólógbòó rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un tò díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ti ń wọlé. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú ọkọ̀ àtúntò bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, tí ó sì fẹ́ máa gbé e lọ sí Ìfọ́n, tàbí kí ó fi gun òkè lọ sí Ìdóàní, yóò bá ìbéèrè kan pàdé: ṣé ó yẹ kí ó so irinṣẹ́ kan mọ́ ìta ẹ́ńjìnnì, tí ọ́ìlì yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí ìgbóná rẹ̀ lè dínkù? Owó kékeré kọ́ ni irinṣẹ́ náà ń gbà, bí wọ́n bá sì so ó ní ìsọkúsọ, ó lè pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n torí rẹ̀ rà á.

Orúkọ tí irinṣẹ́ náà bá wọ orílẹ̀-èdè yìí ni ọ́ìlì kúlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá fún un lè tètè ronú kan amọ́ìlìtutù, ní àwòkọ ẹ̀rọ amómitutù tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá ìlànà ìṣẹ̀dá mu. Inú ìtumọ̀ ni àbùkù rẹ̀ wà. Bí omi inú ẹ̀rọ amómitutù bá ti ń tutù tó ni inú ẹni tí ó ni ín yóò ti dùn tó. Ọ́ìlì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí ó tutù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Agbooru-ọ́ìlì ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, èyíinì ni ohun tí ó ń gba ooru lára ọ́ìlì. Kò ṣèlérí pé ọ́ìlì yóò tutù. Ohun tí ó sọ kò ju pé díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ yóò kúrò. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi epo rọ́pò ọ́ìlì nínú orúkọ yìí. Epo ni ti ìsebẹ̀, epo ni ti inú táǹkì. Àwọn mẹkáníìkì ti ya ọ́ìlì sọ́tọ̀ kí àwọn onímọ̀ èdè tó dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti rí epo pupa nínú ọyẹ́ mọ bí ìwọ̀n kíki ọ́ìlì ti ń yí padà. Ní òwúrọ̀ ó dì. Bí iná bá rà á, ó ń ṣàn bí omi. Bí ọ́ìlì bá ki jù, kì í tètè dé ibi tí irin ti ń fara kan irin. Bí ó bá sì ṣàn jù, kò ní lè ya irin méjèèjì nípa mọ́. Láti nǹkan bí 80°C dé 110°C ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ó bá ń pẹ́ lórí 120°C, ó ń tètè gbó.

Ooru kì í kúrò lára ohun kan bọ́ sínú afẹ́fẹ́ àfi bí ohun náà bá gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá sì ti pọ̀ tó ni ooru ń yára kúrò tó. Ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì yìí, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 20°C, ọ́ìlì tí ó wà ní 100°C fi 80 ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá dé 35°C ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Ọ̀wọ̀, ìyàtọ̀ náà di 65. Kí ọ́ìlì tó lè máa tú iye ooru kan náà dànù, yóò ní láti gbóná dé nǹkan bí 115°C. Kò tíì bàjẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ààyè tí ó kù fún òkè gígùn àti ẹrù wíwúwo kò pọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ìbéèrè náà fi ní láárí ní agbègbè yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé Beetle ní agbooru-ọ́ìlì tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní rédíétọ̀. Fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú àpótí páànù kan lọ sára àwọn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú àwọn ti àtijọ́, inú àpótí yìí gan-an ni agbooru-ọ́ìlì dúró sí, lókè sílíńdà kẹta. Afẹ́fẹ́ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ sílíńdà náà ti kọ́kọ́ gba ooru lára ọ́ìlì, kò sì pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Nítorí náà ni sílíńdà kẹta fi máa ń gbóná jù, tí fáàfù ìtúèéfín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Láti orí ọkọ̀ ti ọdún 1971, àwọn ẹlẹ́rọ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan fún un lẹ́yìn àpótí náà, afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sì ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ní ti àtijọ́ lè fi àpótí àti agbooru ti ìgbẹ̀yìn yìí rọ́pò rẹ̀. Èyí kò béèrè páìpù kankan ní ìta, ó sì yẹ kí ó ṣáájú.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú, èyí tí ó burú jù nínú wọn sì ni rọ́bà tí ó dí àlàfo tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká. Bí rọ́bà náà bá ti já, tàbí tí ẹnì kan bá ti yọ díẹ̀ nínú àwọn páànù tí ó bo ẹ́ńjìnnì sọnù nítorí pé kò mọ iṣẹ́ wọn, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti kọjá lára sílíńdà yóò tún gòkè wá, fáànù yóò sì tún gbé e mì. Agbooru púpọ̀ kò lè wo àìsàn yìí sàn. Bákan náà ni eruku pupa ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà: bí ó bá bá ọ́ìlì tí ń jò pàdé, yóò lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà bí amọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ooru jáde. Àkókò tí iná plọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Bí ó bá ń yá jù, ooru yóò pọ̀.

Ewu ìhà kejì kò hàn sójú. Lítà pẹtiróòlù kan tí ó bá jóná a máa bí omi tí ó tó nǹkan bí lítà kan. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá èéfín jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń sá gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá gbóná tó, omi náà yóò gbẹ. Ọkọ̀ tí kò ń ṣe ju láti ilé dé Ọjà Ọba lọ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í rí àyè gbóná dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá tún so agbooru kejì mọ́ ọn, yóò burú sí i. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, tí ó bá ohun kan níbẹ̀ bí ògì, ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ìpẹtà ni ó máa ń tẹ̀lé e.

Wíwọ̀n ni yóò parí àríyànjiyàn, nítorí iná pupa tí ó wà níwájú awakọ̀ kì í sọ bí ọ́ìlì ti gbóná tó. Agbára tí fi ń ti ọ́ìlì lọ ni ó ń ṣọ́. Kí wọ́n fi géèjì ìgbóná ọ́ìlì sí i, kí wọ́n gbé ẹrù tí ọkọ̀ náà máa ń gbé sínú rẹ̀, kí wọ́n wà á láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Bí géèjì kò bá kọjá 110°C, kí owó náà lọ sórí táyà. Bí ó bá ń jókòó lórí 120°C lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe tí ó ṣáájú, agbooru ti ìta tọ́ sí i.

Kò gbọdọ̀ wà láìní fáàfù tí yóò dí ọ̀nà rẹ̀ títí ọ́ìlì yóò fi dé nǹkan bí 80°C. Aṣọ́-ooru ni orúkọ tí ó bá fáàfù náà mu. Láìsí i, ọ́ìlì òwúrọ̀ tí ó ki lè fi agbára ya agbooru náà. Kò dára kí ó dúró níbi tí fáànù ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ooru rẹ̀ má baà padà sára sílíńdà. Abẹ́ ọkọ̀ gan-an kò sì dára, nítorí òkúta. Lítà méjì ààbọ̀ péré ni ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà. Bí páìpù rọ́bà kan bá já, kí awakọ̀ tó rí ibi dúró sí, gbogbo rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.