ṢEKÁRÍMI ÀTI Ẹ̀TỌ́ ALÁBÀÁGBÉ



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, púpọ̀ nínú yín ló ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó dára ni, owó rẹ̀ sì mọ́ bí a bá fi òtítọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n lára San Francisco àti Silicon Valley ní Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀.

Níbẹ̀, pípolówó ara ẹni ti di àṣà. Ẹni tó ṣe ètò kékeré kan sórí fóònù lè máa sọ pé òun ń tún ayé ṣe. Àyíká rẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ pọ̀, owó oṣù ga, ṣùgbọ́n ilé kò tó, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin kò gbà ju ilé ìdílé kan lọ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ilé bá wọ́n, ọwọ́ olówó ní í bọ́ sí. Ní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà ka ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ń gba $117,400 lọ́dún ní San Francisco mọ́ àwọn tí owó wọn kéré. Kí wá ni ti olùkọ́ àti agbálẹ̀? Ní December 2013, àwọn kan dínà mọ́ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ Google nítorí ọ̀wọ́n ilé. Ní 2019, Google àti Facebook ṣèlérí bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ilé, Apple sì ṣèlérí bílíọ̀nù méjì àbọ̀.

Nínú Súrátù Máúùn, Ọlọ́hun dárúkọ ìwà méjì pọ̀: ṣíṣe ṣekárími, àti fífi ohun kékeré tó lè ṣàǹfààní du ọmọnìkejì. Kí ló so wọ́n pọ̀? Ẹni tó ń wá ìyìn kì í rí ju ẹni tó lè yìn ín lọ. Alábàágbé tí kò ní nǹkan kò lè gbé orúkọ rẹ̀ ga, nítorí náà kò rí i.

Ṣé èèwọ̀ ni kí á sọ ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe? Rárá. Ànábì Yúsúfù sọ fún ọba pé òun ní ìmọ̀, òun sì lè ṣọ́ ìṣúra (Súrà 12:55). Kárúúnù náà dárúkọ ìmọ̀ ara rẹ̀ (28:78), ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbé e mì. Ìyàn ń bọ̀ nígbà tí Yúsúfù sọ̀rọ̀, ikùn àwọn èèyàn ló sì fi ìmọ̀ náà tọ́jú. Kárúúnù sọ tirẹ̀ kí ó má baà fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Yaba ní Èkó ti di ojúkò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, débi pé Mark Zuckerberg wá síbẹ̀ ní August 2016. Nítorí náà:

1. Kí o tó kéde iṣẹ́ rẹ, bi ara rẹ léèrè ta ni yóò jàǹfààní.
2. Mọ orúkọ alábàágbé rẹ àti ìṣòro rẹ̀. Ànábì wa kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ ẹni tó yó tí ebi ń pa alábàágbé rẹ̀ kò pé.
3. Yọ sàká rẹ láìsọ fún ayé.
4. Bí o bá di onílé, má ṣe fi owó ilé lé aláìní jáde.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ṣekárími. Àmín.